Ojú Mi Lára Bébà Ọṣẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Ajíṣefínní,

Mo kí ọ púpọ̀púpọ̀. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń rí oorun sùn, ṣé o sì ń jẹun kí o tó jáde láàárọ̀, nítorí mo mọ̀ ọ́, bí iṣẹ́ bá ti wọ̀ ọ́ lára, o lè gbàgbé pé o ní ikùn. Ọlọ́run tí ó ti ń ṣọ́ ọ láti ìgbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́ kò ní ṣì ilé rẹ mọ̀ láàárín gbogbo ilé ìgboro yẹn. Àwa náà wà níbí. Orúnkún bàbá rẹ ṣì ń dùn wọ́n tí òjò bá fẹ́ rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ọ́ di iṣẹ́, wọn á jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà wọn, wọn á máa sọ fún àwọn tó ń kọjá bóyá kí wọ́n sá aṣọ tàbí kí wọ́n má sá a. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì, látìgbà náà ló sì ti ń bá gbogbo ayé jà. Ilẹ̀kùn yàrá rẹ tó máa ń ké, bàbá rẹ ti tún un ṣe, kò ké mọ́, àwa méjèèjì sì ń rò ó báyìí pé ìgbà tó ń ké gan-an ló dára.

Kí n tó lọ jìnnà, mo fẹ́ kí o mọ̀ pé mo wà láàyè. Bí ẹnikẹ́ni láti ilé bá ti pè ọ́ pé mo ti kú, má gbà á gbọ́, kò rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó sì sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ọ́mọ̀ parọ́. Èmi fúnra mi ni mò ń kọ lẹ́tà yìí, ìwọ náà wo ọwọ́ ìkọ̀wé, wo bí mo ṣe ń gun òkè kúrò lórí ìlà. Ọ̀rọ̀ náà gùn, òwò rẹ ló sì dá lé, nítorí náà wá ibì kan jókòó kí o tó máa kà á.

O rántí pé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni o sọ fún mi pé o ti fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀, pé ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ kan ti gba ṣọ́ọ̀bù, ẹ fẹ́ máa se irú ọṣẹ tí mo kọ́ ọ, kí ẹ máa tà á fún àwọn ará ìgboro. O ní ojú mi ni ẹ máa tẹ̀ sára bébà tí ẹ ó fi wé e, kí àwọn èèyàn lè mọ ẹni tí ọṣẹ náà ti ọwọ́ rẹ̀ wá. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè sọ̀rọ̀, o rò pé fóònù ti gé. Lẹ́yìn náà o fi fọ́ọ̀mù kan ránṣẹ́ pé kí n fọwọ́ sí i. Mo rò pé ìjọba ló fẹ́ mọ̀ bóyá èmi ni mo bí ọ lóòótọ́, nítorí náà mo fọwọ́ sí i, mo sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ìrọbí rẹ ṣe lọ, láti àárọ̀ títí di ìgbà tí o ké, pẹ̀lú orúkọ ìnagijẹ nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí rẹ, kí ó má bàa sí iyèméjì fún ẹnikẹ́ni. O ò tíì sọ fún mi bóyá ó tẹ́ wọn lọ́rùn.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni mo lọ ra òróró ní ìlú kejì, mo sì sùn sọ́dọ̀ àbúrò mi nítorí ọkọ̀ ò tètè kún. Ọjọ́ kejì ni awakọ̀ tí o fi àpò bébà ọṣẹ rán sí mi dé ilé wa. Kò bá ẹnikẹ́ni nílé, ó gbé àpò náà ka orí bẹ́ǹṣì ìta, ó bá tirẹ̀ lọ. Ewúrẹ́ abìbejì wá rò pé àpò náà fẹ́ gba ọmọ òun, ó fi ìwo ya á. Atẹ́gùn ń fẹ́ lọ́jọ́ náà. Kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, bébà ọṣẹ rẹ ti gba gbogbo òpópónà, ojú mi ń fò lórí ògiri, ojú mi ń fò nínú gọ́tà, ojú mi lẹ̀ mọ́ fèrèsé àwọn èèyàn.

Ọmọ mi, bébà náà lẹ́wà, mi ò ní purọ́. Àwòrán tí o yà mí nígbà tí mo wọ aṣọ aláwọ̀ ewé yẹn ni, mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, eyín mi tó yọ ò sì hàn. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìlà dúdú yí i ká, ẹ sì kọ ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í se ọṣẹ sí abẹ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ní ìgboro, ìlà dúdú ló ń jẹ́ kí ọjà dà bí ọjà olówó. Níbí, bí a bá ti rí ojú àgbàlagbà lára bébà, tí ìlà dúdú yí i ká, tí ọdún wà lábẹ́ rẹ̀, nǹkan kan ṣoṣo ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí.

Aládùúgbò wa, Ìyá Oníbúrẹ́dì, ni ọ̀kan kọ́kọ́ fò lù lójú níbi tó ti ń kó búrẹ́dì jáde. Ó wo ojú mi, ó wo ilé wa tó wà ní títì, ó figbe ta. Ó sáré lọ bá bàbá rẹ ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá rẹ ò fẹ́ gbà, wọ́n ní àná ni mo jáde nílé, mo sì bú wọn kí n tó jáde, ẹni tó fẹ́ kú kì í lókun bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá pè mí lórí fóònù. Iná ti tán nínú fóònù mi láti àná. Obìnrin tó máa ń dáhùn nínú fóònù ló bá wọn sọ̀rọ̀, ó ní ẹni tí wọ́n ń pè kò sí. Bàbá rẹ ní ọ̀nà tó gbà sọ ọ́ ló jẹ́ kí àwọn gbà á gbọ́, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí nọ́ọ̀sì tó ti sọ irú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìyá Oníbúrẹ́dì wà níbẹ̀, òun ló sọ fún mi pé bàbá rẹ bẹ obìnrin náà. Wọ́n ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi tún un wò dáadáa, obìnrin kúkúrú ni, kẹ́ẹ̀gì òróró máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin náà tún sọ ohun kan náà. Ni bàbá rẹ bá jókòó sílẹ̀ láàárín ìgé pákó, pẹ̀lú orúnkún yẹn, tí kò sí ẹni tó lè gbé wọn dìde.

Mo fẹ́ kí o bá mi wá ilé-iṣẹ́ obìnrin yẹn kàn, kí o sọ fún un pé kí ó máa wádìí kí ó tó lanu, nítorí bàbá rẹ lè ti ibẹ̀ kú kí n tó dé. Ìwọ náà kọ́gbọ́n níbẹ̀ fún òwò rẹ. Bí oníbàárà bá pè, ìwọ ni kí o dá a lóhùn, má gbé fóònù fún ẹni tí kò mọ ọjà, tí kò mọ ẹni tó ń pè, tí kò sì bìkítà bóyá onítọ̀hún jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ohùn náà kò jọra.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì òróró mi. Mo rí èrò níwájú ilé wa. Mo gbọ́ ẹkún. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé orúnkún bàbá rẹ ti yọrí sí nǹkan mìíràn. Télọ̀ ló dúró sẹ́yìn gbogbo wọn, tépù wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń fi etí tépù náà nu ojú. Mo rọra bi í pé ta ló kú. Kò tilẹ̀ yíjú wò mí, ó ní Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni. O mọ̀ pé mi ò lè gbọ́ òkú kí n máà sunkún. Mo ti sun díẹ̀ kí n tó rántí pé èmi ni.

Mo fẹ́ lanu. Ṣùgbọ́n Ìyá Oníbúrẹ́dì ló ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, rere ló sì ń sọ, mo bá ní kí n jẹ́ kó parí rẹ̀, nítorí irú àǹfààní yìí kì í bọ́ sí gbogbo èèyàn lọ́wọ́. Ó ní látìgbà tí òun ti ń ra ọṣẹ lọ́wọ́ mi, bí ọjà gbówó lórí, bí òróró wọ́n, òun kò rí ọjọ́ kan tí mo gé ọṣẹ tín-ín-rín fún òun. Télọ̀ ní ọdún tí ìkòkò ọṣẹ kan bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, èmi fúnra mi ni mo gba ojúlé dé ojúlé tí mo gba ọṣẹ náà padà, tí mo fún wọn ní òmíràn, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó bàjẹ́. Alápọnmi ní ẹnu mi mú bí abẹ, mo fẹ́ dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé òun kò rí i kí n fi ẹnu náà tan oníbàárà jẹ rí. Obìnrin tó ń ta ọṣẹ ní oríta, tí o mọ̀ pé àwa méjèèjì kì í kíra tán kí a tó yíjú, òun náà wà níbẹ̀. Ó ní ìgbà tí ìkòkò òun là, èmi ni mo yá òun ní tèmi, mi ò sì sọ ọ́ síta. Èmi gan-an ti gbàgbé.

Àwọn àgbà ní ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Èmi ṣàdédé sunwọ̀n láàyè, mo fi etí ara mi gbọ́ ọ. Ọmọ mi, mo fara balẹ̀ dúró sẹ́yìn níbẹ̀, mò ń retí kí ẹnì kan sọ pé mo ní ṣọ́ọ̀bù tó tóbi, nítorí mi ò ní, tàbí pé mo mọ bí a ṣe ń polówó. Kò sí ẹni tó mẹ́nu bà á. Gbogbo ohun tí wọ́n rí sọ nípa mi, ọṣẹ ni, àti ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ tí ọṣẹ ò dára. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ pé kí ni òwò ṣíṣe, ohun tí wọ́n máa sọ lẹ́yìn rẹ ni, kò sí òmíràn tí mo mọ̀.

Àfi bí ikọ́ ṣe gbé mi. Télọ̀ yíjú. Mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn, bí wọ́n ṣe ká ẹsẹ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, bàtà Ìyá Oníbúrẹ́dì méjèèjì ṣì wà lọ́dọ̀ wa di ọjọ́ kejì, Alápọnmi sì fo ọgbà tí kò tíì fò láti ìgbà ọ̀dọ́. Bàbá rẹ nìkan ni kò sá. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, bébà kan wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ní, ìwọ obìnrin yìí, o pẹ́ lọ́jà. Wọ́n bá dìde, wọ́n wọlé, mo sì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fun ikun nínú yàrá fún ìgbà pípẹ́. Mo fẹ́ràn bàbá rẹ, mi ò rò pé mo ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà rí.

Nígbà tí àwọn èèyàn fọwọ́ kàn mí tán, tí wọ́n rí i pé mo gbóná, wọ́n padà jókòó, a rẹ́rìn-ín títí. Mo wá rí i pé ọṣẹ kan wà nísàlẹ̀ àpò náà tí ewúrẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, èyí tí o fi ránṣẹ́ kí n lè rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Inú mi dùn. Mo ní gbogbo ẹni tó bá sunkún mi, kó wá fi ọṣẹ ọmọ mi fọ ojú. A gbé abọ́ omi kalẹ̀ síwájú ilé. Ìyá Oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ bu omi. Ó fi ọwọ́ ra ọṣẹ náà, ó tún ra á, kò hó. Ó gbé e fún Télọ̀, kò hó fún Télọ̀ náà. Télọ̀ ní bóyá omi ni, ó dẹ̀ mọ̀ pé omi tí gbogbo wa ń mu ni. Kí ó tó kan ẹni kẹta, ọṣẹ náà ti ń di ẹrẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ burúkú. Ìyá Oníbúrẹ́dì fọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, ó wo bébà, ó wo ojú mi, ó ní ilẹ̀ ti ń ṣú, òun fẹ́ lọ wo ààrò òun. Gbogbo wọn wá rántí pé àwọn ní nǹkan tí àwọn fẹ́ lọ wò. Àwọn èèyàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́rìí mi tán ni, Ajíṣefínní, omi ẹkún wọn ò tíì gbẹ. Ojú tì mí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Mo rò ó pé ká ní mo dé ní ọjọ́ kejì, kí wọ́n ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọṣẹ yẹn, ọ̀rọ̀ wo ni ǹ bá bá níwájú ilé mi?

Ìgbà náà ni mo rántí ìràwọ̀. O pè mí lóṣù tó kọjá, o ń sunkún pé obìnrin kan fún ọ ní ìràwọ̀ kan lórí fóònù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ní ta ló ni ìràwọ̀ láyé tó fi ń ta ọmọ mi lọ́rẹ, mo tilẹ̀ sọ ọ́ fún gbogbo àdúgbò, Télọ̀ sì kí mi kú oríire. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo lọ bi Tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré, ó rọra ṣàlàyé fún mi pé márùn-ún ni oníbàárà tí inú rẹ̀ dùn sí ọjà máa ń fúnni, pé ẹyọ kan, èébú ni. Ó bá mi ka ohun tí obìnrin náà kọ. Obìnrin náà ní ọṣẹ yín kì í hó, ó ń di ẹrẹ̀ nínú abọ́. Ó ní òun rà á nítorí ojú màmá tó wà lára rẹ̀.

O ti sọ fún mi lórí fóònù ṣáájú ìgbà yẹn pé ọ̀rẹ́ rẹ ní kí ẹ máa fi nǹkan kún ọṣẹ kí ó lè pọ̀, pé gbogbo ayé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé bí ẹ ò bá ṣe é, ṣọ́ọ̀bù náà á kógbá wọlé kí ọdún tó parí. Mo ní kò burú, nítorí mo rò pé lọ́fínńdà ni ẹ fẹ́ fi kún un. Mi ò mọ ohun tí ẹ fi kún un, mi ò sì fẹ́ kí o sọ ọ́ fún mi nínú lẹ́tà. Mo mọ̀ pé o kì í ṣe olè. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló bà ọ́, owó ilé, owó iná, ojú ọ̀rẹ́ rẹ, àti ìtìjú pé àwọn ará ọ́fíìsì á ní o ti padà wá. Ẹ̀rù máa ń kọ́ èèyàn ní ìṣirò burúkú. Ṣùgbọ́n irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a, ti ọṣẹ kì í sì í tó ogún ọdún, bó bá ti kan omi báyìí ni.

Bí ṣọ́ọ̀bù náà bá máa tì, jẹ́ kó tì. Mi ò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, mo mọ ohun tí o fi sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù kọ́ ni òwò, ọṣẹ ni òwò. Bí ìkòkò ńlá bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, gbé kékeré kaná. Ìkòkò ilé ìdáná rẹ tó láti se èyí tí àdúgbò rẹ lè fi wẹ̀, kí o mọ ẹni tó rà á, kí o rí awọ ara rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Nígbà tí ọwọ́ rẹ kò bá gbà á mọ́ ni kí o tó wá ọwọ́ kejì kún un. Bí òróró bá wọ́n, fi owó lé ọṣẹ, kí o sì lanu sọ fún wọn ìdí rẹ̀. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, kò sí ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan á bínú lọ. Èyí tó bínú lọ nítorí owó lè padà wá, èyí tó lọ nítorí ọṣẹ tí kò hó kì í wẹ̀yìn.

Wá ilé obìnrin oníràwọ̀ kan yẹn lọ. Má kọ̀wé sí i lórí fóònù, dìde lọ síbẹ̀. Mú ọṣẹ tó dára lọ́wọ́, kí i, bẹ̀ ẹ́, jókòó tó bá ní kí o jókòó, kí o sì jẹ́ kó fọ ọwọ́ níṣojú rẹ. Lára gbogbo àwọn tó ra ọjà lọ́wọ́ rẹ, òun nìkan ló ṣe ọ́ lóore, àwọn yòókù kàn sọ ọṣẹ nù ni, wọ́n dákẹ́. Ní ti ọ̀rẹ́ rẹ, má bá a jà. Jókòó tì í ní ọ̀sán, kí ẹ̀yin méjèèjì jẹun kí ẹ tó sọ̀rọ̀, kí o sọ fún un pé ìyá rẹ ní òun fẹ́ gba ojú òun padà. Bí ó bá fara mọ́ ọṣẹ gidi, ẹ jọ máa lọ. Bí kò bá fara mọ́ ọn, ẹ pín ohun tí ẹ ní láìsí ariwo, kí o lè máa kí i tí ẹ bá pàdé lọ́nà.

Mo fẹ́ kìlọ̀ fún ọ nípa báńkì pẹ̀lú. Mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Túsìdé láti wo owó tí o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ gbé e jáde, mi ò ní fọwọ́ kàn án, mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rinrin ò mú un. Ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì ní kò sí èyí tó jẹ́ tèmi gan-an, owó gbogbo èèyàn ni wọ́n dà pọ̀. Àánú wọn ṣe mí. Ilé ńlá bẹ́ẹ̀, fáànù lókè, tai lọ́rùn gbogbo wọn, wọn ò sì mọ owó ẹnì kan yàtọ̀ sí ti ẹnì kejì. Mi ò fẹ́ kó dé etí wọn, ṣùgbọ́n òwò yẹn lè máà pẹ́. Ìwọ má ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Agolo kan fún ọṣẹ, agolo kan fún ilé, kí ebi má sì jẹ́ kí o ti ọwọ́ bọ agolo ọṣẹ, nítorí òróró ọjọ́ iwájú ló wà níbẹ̀.

Ó wá ku owó tí mo fẹ́ kí o fi ránṣẹ́. Àkọ́kọ́ ni ti búrẹ́dì. Ìyá Oníbúrẹ́dì kó búrẹ́dì wá lọ́jọ́ náà fún àwọn tó wá ṣọ̀fọ̀, wọ́n jẹ ẹ́ tán, ó wá ní òkú ni òun kó o wá fún, òkú ò sì sí mọ́. Kò bèèrè nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ń wò mí. Ẹ̀kejì ni òróró ìpara fún orúnkún bàbá rẹ, nítorí jíjókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yẹn tún dá kún un. Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù, owó ọkọ̀ mi ni. Mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Igi tí mo fi ń ro ọṣẹ ni mo fẹ́ gbé bọ̀, awakọ̀ sì ní bó ṣe gùn yẹn, òun máa gba owó ìjókòó lórí rẹ̀ bí èèyàn, nítorí náà fi owó èèyàn méjì ránṣẹ́. Má sọ pé kí n má ṣe wàhálà. A ó jọ se ìkòkò kan, ìwọ ni wàá ro ó, èmi á máa wò ọ́. Tí ó bá jinná, àwa méjèèjì á tún lọ kí obìnrin oníràwọ̀ kan nílé rẹ̀, kí ó lè rí i pé màmá inú bébà ń mí.

Ọlọ́run á wà pẹ̀lú rẹ. Ẹni tí kò ní ràn ọ́ lọ́wọ́ kò ní mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á máa hó, kò ní di ẹrẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́. Oníbàárà tó bá ti ọ̀dọ̀ rẹ jáde á mú ẹlòmíràn bọ̀. Ìbẹ̀rù kò ní kọ́ ọ ní ohun tí èmi àti bàbá rẹ kò kọ́ ọ. Orí mi tí mo fi bí ọ, òun náà á gbè ọ́.

Ní ti àwọn bébà náà, bàbá rẹ ló ṣa gbogbo wọn, láti gọ́tà, láti orí ògiri, orúnkún tàbí kò sí orúnkún. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dáná tàbí fi wé nǹkan. Wọ́n nu wọ́n, wọ́n fi ọwọ́ tẹ́ wọn, wọ́n kan àpótí kan fún wọn, ó wà lábẹ́ ibùsùn wa. Mo ní kí n gbé e bọ̀ fún ọ, wọ́n ní rárá, ó dìgbà tí àwọn bá fi ọṣẹ tuntun tí a fẹ́ se fọ ọwọ́. Ọ̀kan wà nínú àpò ẹ̀wù wọn, wọ́n rò pé mi ò mọ̀.

Ajíṣefínní, lọ́jọ́ kan tó máa pẹ́ gan-an, àwọn èèyàn yẹn tàbí àwọn ọmọ wọn á tún péjọ síwájú ilé wa, á sì jẹ́ òótọ́ lọ́jọ́ náà. Mo ti gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Má jẹ́ kí wọ́n yí i padà.

Èmi ni ìyá rẹ, tí ó ṣì wà láàyè,

Ìyá Ọlọ́ṣẹ